Dò-Re-Mí Olùkọ́ àti Dò-Re-Mí Akọrin: Ohùn Èdè nínú Orin Àkọsílẹ̀ Yorùbá

Bí olùkọ́ Yorùbá ní Ọgbà, láàrin Ìkẹjà àti Agége, bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ní ohùn, dò, re, mí ni yóò kọ sí ojú pátákó. Dò ni ohùn ìsàlẹ̀, re ni ohùn àárín, mí ni ohùn òkè. Nígbà tí ó bá di ọjọ́ Sátidé, tí ariwo àwọn ilé iṣẹ́ bá rọlẹ̀ díẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí lè wà nínú gbọ̀ngàn ìjọ láàrin ẹgbẹ́ akọrin, kí olùdarí orin sì máa pe dò, re, mí sí i létí níbẹ̀ pẹ̀lú. Orúkọ kan náà ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Dò-re-mí olùkọ́ ni ó ń sọ ohun tí ọ̀rọ̀ jẹ́. Dò-re-mí akọrin ni ó ń sọ ọ̀nà tí orin yóò gbà. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé lórí gbólóhùn Yorùbá kan, tí wọn kò sì gbọ́ ara wọn yé, ọ̀rọ̀ ni yóò fara gbọgbẹ́.

Kò sí ibi tí ìpàdé yìí ti hàn gbangba tó inú àwọn kọ́ńsáàtì ńlá tí ẹgbẹ́ olórin Nàìjíríà tí a mọ̀ sí MUSON máa ń ṣe ní Oníkàn, ní Èkó. Ọdún 1983 ni a dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ọdún 1989 ni ilé ẹ̀kọ́ orin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ibi tí a kọ́ gbọ̀ngàn rẹ̀ sí, Love Garden ni a ń pè é tẹ́lẹ̀, tí í ṣe ọgbà ìgbafẹ́. Ẹni tí ó bá gbéra láti Ọgbà, tí ó gba Ìkẹjà, tí ó sì gun afárá Third Mainland lọ sí Oníkàn, ọgbà ni ó ti kúrò, ọgbà náà ni ó sì lọ. Ẹni náà sì mọ̀ pé ọgbà tún ni ohun tí a fi ń yí ilẹ̀ ká kí ẹni tí kò ní iṣẹ́ níbẹ̀ má baà wọlé. Ìbéèrè tí ó yẹ kí lámèyítọ́ bi irú kọ́ńsáàtì bẹ́ẹ̀ ni pé: ṣé èdè Yorùbá wà nínú ọgbà yìí ni, àbí ẹ̀yìn ọgbà ni ó dúró sí?

Ètò irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ti lọ rí. Àwọn akọrin tí wọ́n ti gba ẹ̀bùn nílé àti lókè òkun yóò jáde nínú aṣọ ayẹyẹ. Wọn yóò kọ orin àwọn ará Ítálì àti Jámánì. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò kan iṣẹ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà: Fela Sowande, Ayọ̀ Bánkọ́lé, Akin Euba, Joshua Uzoigwe, àti àwọn tí wọ́n tún wà láyé tí wọ́n ń kọ orin sílẹ̀. Ìwé ètò yóò ka oyè àti ẹ̀bùn akọrin kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹ̀bùn wọ̀nyí kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Wọ́n ń jẹ́rìí sí i pé akọrin mọ ìwé orin kà, pé ó mọ bí a ti ń mí, pé ohùn rẹ̀ dé òkè kò sì ya. Àmọ́ kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ń wádìí bóyá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó jáde lẹ́nu akọrin ni ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú ìwé. Àwọn tí ó lè ṣe ìdájọ́ yẹn kò sí lára àwọn tí ń fi ẹ̀bùn lọ́lẹ̀. Inú kíláàsì Yorùbá ni wọ́n wà.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú gbólóhùn kékeré kan kí ó fi wò ó: Baba ra ọkọ́. Re, re, re, re, mí. Orin tí yóò gbé gbólóhùn yìí láìpa á lára yóò dúró sójú kan, yóò sì gòkè níkẹyìn. Bí olùṣẹ̀dá orin bá jẹ́ kí sílébù ìkẹyìn jábọ́ dípò kí ó gòkè, baba kò ra irin iṣẹ́ oko mọ́. Ọkọ̀ ni ó rà. Bí ó bá fi gbogbo rẹ̀ sójú kan láìgòkè láìsọ̀, baba lọ ra ọkọ, ọ̀rọ̀ sì di ẹ̀rín. Ọ̀rọ̀ àdúrà pàápàá kò bọ́ nínú ewu yìí. Ìjọ tí ó ń tọrọ ọgbọ́n lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí orin tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ ti tọrọ ọgbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sọ ọgbọ̀n kí ni.

Èyí kì í ṣe àṣìṣe tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Oníkàn. Nígbà tí àwọn ìjọ ìgbà ìjímìjí ń tú orin ìsìn sí Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ohun tí wọ́n ń wá ni kí iye sílébù bá iye àmì orin Òyìnbó mu. Wọ́n ka sílébù, wọn kò ka ohùn. Àwọn ènìyàn sì ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ìtumọ̀ tí ẹnu sọ nù ni ojú ń wá rí nínú ìwé. Ìdí nìyẹn tí orin tí àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí fúnra wọn dá fi wọ ìjọ lára kíákíá. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta wà lára àwọn aṣáájú nínú iṣẹ́ yìí. Ní 1922 ó kọ ọ̀pọ̀ orin ìsìn Yorùbá sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. (Ọmọ ọmọ rẹ̀, Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, kọ́ orin Òyìnbó ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù náà. Agídíngbì tí Shrine tuntun wà lónìí kò jìnnà sí Ọgbà rárá, ẹni tí ó bá sì fetí sí àwọn ibi tí ó ti kọ Yorùbá nínú orin rẹ̀ yóò rí i pé ohùn ọ̀rọ̀ kì í sábà ṣìnà níbẹ̀.)

Ẹni tí ó kọ́kọ́ gbé ọ̀ràn yìí kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ ni Thomas King Ekúndayọ̀ Phillips. Trinity College yìí kan náà ni ó ti kàwé. Láti 1914 títí di 1962 ni ó fi jẹ́ atẹdùùrù àti ọ̀gá orin ní Christ Church, Marina, tí ó di kàtídírà, ní Èkó. Ìwé rẹ̀, Yoruba Music, jáde ní 1953. Kókó tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé inú ohùn ọ̀rọ̀ ni orin Yorùbá ti jáde, àti pé ẹni tí yóò bá kọ orin tuntun ní èdè náà gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀ lọ. Ìlànà yìí dà bí ohun kékeré lójú ẹni tí kò gbìyànjú rẹ̀ wò. Ẹni tí ó bá gbìyànjú rẹ̀ yóò rí i pé ó le.

Ó le nítorí pé dúùrù àti ẹgbẹ́ akọrin onípín mẹ́rin kò gbé nínú ayé ohùn Yorùbá. Kí a padà sí baba àti ọkọ́ rẹ̀. Bí àwọn obìnrin olóhùn òkè bá gòkè níkẹyìn gbólóhùn náà, àgbékalẹ̀ orin ti ilé ìwé Òyìnbó fẹ́ràn kí àwọn ọkùnrin olóhùn ìsàlẹ̀ máa sọ̀ kalẹ̀ ní àkókò kan náà, kí ìró má baà tò tẹ̀lé ara wọn bí ọmọ ilé ìwé. Ó dùn létí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú gbọ̀ngàn kan, ní ìṣẹ́jú kan, àwọn obìnrin ń wí pé baba ra ọkọ́, àwọn ọkùnrin ń wí pé ọkọ̀ ni ó rà. Irú orin tí a ń pè ní fúùgù tún wá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọ̀kan nínú ọgbọ́n rẹ̀ ni kí a dojú orin délẹ̀: ibi tí ó ti gòkè kí ó sọ̀, ibi tí ó ti sọ̀ kí ó gòkè. Bí kò bá sí ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, ọgbọ́n gidi ni. Bí ọ̀rọ̀ Yorùbá bá wà lórí rẹ̀, gbogbo mí ti di dò. Ọ̀nà àbáyọ kan wà tí àwọn olùṣẹ̀dá orin ilẹ̀ Áfíríkà máa ń gbà: kí gbogbo ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ gòkè, kí wọ́n jọ sọ̀. Bí àwọn ènìyàn wa ti máa ń gbe orin fún ara wọn láti ìgbà pípẹ́ nìyẹn. Olùkọ́ orin nílé ìwé Òyìnbó a máa fi pẹ́ńsù pupa sàmì sí i pé àṣìṣe ni. Kò sì sí àníàní pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ olùṣẹ̀dá orin ni pẹ́ńsù pupa yẹn ti kọ́ láti ba Yorùbá jẹ́.

Fela Sowande, tí a bí ní 1905, tí ó sì kú ní 1987, jẹ́ ọmọ abẹ́ Phillips ní ẹgbẹ́ akọrin Christ Church. Ní 1943 ó di Fellow ti Royal College of Organists ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gba ẹ̀bùn Limpus, ti Harding àti ti Read mọ́ ọn. Bí a bá ń wá olórin tí ó fi ẹ̀bùn wọlé láàrin àwọn ọmọ Yorùbá, òun ni aṣáájú. Iṣẹ́ rẹ̀ tí a mọ̀ jù, African Suite ti 1944, jẹ́ orin fún ohun èlò olókùn; ìpín ìkẹyìn rẹ̀, Akinla, inú orin háíláìfù ni ó ti mú un, a sì lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún láti fi ṣí ètò orin kan lórí rédíò ìjọba Kánádà. A ní kí ó ṣe Folk Symphony fún òmìnira Nàìjíríà ní 1960. Àwọn tí ń gbóríyìn fún Sowande sábà máa ń tọ́ka sí bí ó ti mú orin ilẹ̀ wa wọ àgbékalẹ̀ ńlá. Ohun tí wọn kì í sábà kíyè sí ni pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di olókìkí kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Dùùrù rẹ̀ lè mú orin ìjọ Yorùbá kí ó yí i, kí ó dojú rẹ̀ dé, kí ó fi ìró mìíràn kọjú sí i, láìpa ẹnikẹ́ni lára, nítorí pé ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ náà ń kà á nínú ọkàn ara rẹ̀. Òmìnira ńlá ni. Ó sì tún jẹ́ ọ̀nà tí ó fi yẹ ìṣòro tí ọ̀gá rẹ̀ gbé kalẹ̀ sílẹ̀.

Ayọ̀ Bánkọ́lé kò yẹ̀ ẹ́. Ní 1959, nígbà tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Guildhall ní Lọ́ńdọ̀nù, ó kọ Three Yoruba Songs, orin mẹ́ta fún ohùn akọrin kan àti piyánò: Ìyá, Òjò Máa Rọ̀, àti Kìnìún. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún péré ni. Orúkọ àwọn orin wọ̀nyí nìkan tó láti fi dán ẹni tí ń kọrin wò. Kìnìún jẹ́ dò, dò, mí. Òjò máa rọ̀ jẹ́ dò, dò, mí, re, dò: ó rọra dúró nísàlẹ̀, ó fò sókè, ó sì rọ̀ padà ní ìpele ìpele, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ti di orin kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan piyánò. Ti Ìyá ni ó gbẹgẹ́ jù. Nínú ọ̀rọ̀ sísọ, sílébù kejì kì í kàn wà lókè. Ó máa ń ti ìsàlẹ̀ yọ́ gòkè ni. Akọrin tí ó bá jẹ́ kí ó rẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé ó ń wá ohùn tútù fún orin ìfẹ́, kò kọ ìyá mọ́. Ìyà ni ó kọ. Irú rẹ̀ a máa ṣẹlẹ̀, àtẹ́wọ́ a sì máa dún lé e lórí.

Agbára Bánkọ́lé ni pé ó fi orin náà fún ohùn kan ṣoṣo, ó wá jẹ́ kí piyánò ru gbogbo ẹrù ọgbọ́n Òyìnbó. Piyánò lè sọ̀ nígbà tí akọrin ń gòkè, nítorí pé piyánò kò sọ̀rọ̀. Ìpín iṣẹ́ yìí ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ní àyè. Lójú ẹni tí ó bá fi èdè ṣe òṣùwọ̀n, àwọn orin kéékèèké mẹ́ta wọ̀nyí ṣe iyebíye ju ọ̀pọ̀ kàǹtátà gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn ń kọ pọ̀. Wọ́n pa Bánkọ́lé àti ìyàwó rẹ̀ ní 1976, nígbà tí ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Èkó, tí kò ì pé ọdún méjìlélógójì. Ìbá ti tún kọ́ wa sí i.

Akin Euba, tí a bí ní 1935 bíi Bánkọ́lé, tí ó kú ní 2020, gba ọ̀nà mìíràn. Ó bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí a fi ń bẹ piyánò kí ó gba Yorùbá láàyè, nígbà tí ohun èlò tí ó ti ń sọ Yorùbá láti ìgbà ìwáṣẹ̀ wà nílé. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní 1963 ó kọ iṣẹ́ kan fún piyánò àti ìlù Yorùbá. Ní 1970, ní àríyá iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀, ó gbé Chaka jáde, orí ewì Léopold Sédar Senghor ni ó gbé e kà; inú eré náà ni ó ti fi oríkì Yorùbá sí ẹnu apohùn, tí orin àwọn yòókù sì ń lọ lọ́tọ̀. Ẹni tí ń pohùn kì í wo ìwé orin láti mọ ibi tí mí wà. Ọgbọ́n Euba níhìn-ín ga: dípò kí ó fa oríkì wọ inú òfin kọ́ńsáàtì, ó fi kọ́ńsáàtì yí oríkì ká. Ìwé ńlá tí ó kọ lórí dùndún jáde ní 1990, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ ohùn Yorùbá tí kò ní rí nǹkan kọ́ níbẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ fún piyánò nìkan, bíi Scenes from Traditional Life ti 1970, le fún etí olùgbọ́ tí kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí, àwọn tí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì sì máa ń fi ìkọ́ dá a lóhùn.

Àwọn kan wà tí wọn yóò sọ pé a ti fún ohùn ní àyè jù. Wọn yóò ní orin ìbílẹ̀ pàápàá kì í tẹ̀lé ohùn ní gbogbo ìgbà, àti pé gbólóhùn tí ó yí ọ̀rọ̀ ká máa ń tú u sílẹ̀: bí a bá ń kọrin nípa oko, ta ni yóò rò pé mọ́tò ni baba rà? Òótọ́ wà nínú èyí. Ohun tí etí ń wá náà kì í ṣe pé kí gbogbo mí wà ní ìpele kan. Nínú ọ̀rọ̀ sísọ gan-an, mí tí ó bá tẹ̀lé dò kì í ga tó èyí tí ó ṣáájú. Ìbáṣepọ̀ sílébù pẹ̀lú aládùúgbò rẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì. Nítorí náà àyè pọ̀ fún olùṣẹ̀dá orin ju bí àwọn aláìmọ̀ ti rò lọ: ó lè fò jìnnà, ó lè fò díẹ̀, bí kò bá ṣáà ti yí ojú ọ̀nà padà. Ṣùgbọ́n àwíjàre gbólóhùn tí ó yí ọ̀rọ̀ ká kò gbèjà ewì. Níbi tí akéwì bá ti fi ọ̀rọ̀ méjì tí ó jọra ṣeré, níbi tí àdàpè bá wà, níbi tí oríkì bá ti dárúkọ tí olùgbọ́ kò gbọ́ rí, kò sí ohun tí yóò tú ìtumọ̀ sílẹ̀ bí kò ṣe ohùn. Orin tí a lè gbọ́ kìkì nítorí pé a ti mọ ohun tí ó fẹ́ sọ tẹ́lẹ̀ kò tíì sọ nǹkan kan.

Apá tí ó yẹ kí ó ká olùkọ́ lára jù ni ti ìwé tí akọrin ń lò. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìwé orin Yorùbá tí ń kiri láàrin àwọn ẹgbẹ́ akọrin, àtèyí tí wọ́n tẹ̀ àtèyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe àdàkọ rẹ̀, kò ní àmì ohùn lórí. Àmì orin pé, àmì ohùn kò sí. Iṣẹ́ Euba ti 1963 yẹn, Igi Nla So ni àwọn ìwé òkèèrè ń pè é, láìsí àmì kan ṣoṣo. Ǹjẹ́ igi so èso ni, àbí igi sọ ọ̀rọ̀, àbí igi ń ṣọ́ ènìyàn? Bí àkọlé bá lè rí bẹ́ẹ̀, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹsẹ orin tí ọmọ Èkó tí kò sọ Yorùbá nílé ń kà lábẹ́ àmì orin? Ohun tí ó bá rí ni yóò kọ: yóò kọ sílébù bí ẹni ń kọ Látìn. Kò lè mọ ibi tí olùṣẹ̀dá orin ti ṣìnà, kò sì lè mọ ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti fi ohùn tí a kọ́ ọ fún orin Ítálì bo ẹ̀ àti ẹ́ mọ́lẹ̀. Láti àwọn àdúgbò bí Ọgbà, Agége àti Ìjú ni ọ̀pọ̀ àwọn akọrin yìí sì ti ń wá. Inú ìjọ ni a ti kọ́ wọn, inú kíláàsì ni wọ́n ti gbọ́ dò-re-mí kejì, wọn kò sì tíì rí ẹni so méjèèjì pọ̀ fún wọn.

Iṣẹ́ náà kò ju wákàtí kan lọ fún olùkọ́ tí ó bá fẹ́. Kí ó gba ìwé orin lọ́wọ́ olùdarí kí ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀, kí ó fi pẹ́ńsù fi àmì sórí gbogbo sílébù, kí ó sì kọ dò, re tàbí mí sí abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí òun àti olùdarí jókòó ti dùùrù, kí wọ́n tẹ ìlà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa fi ìka tọ́ ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pínyà. Ní ìlà tí wọ́n ti pínyà, olùdarí yóò sọ pé òun kò lè yí ohun tí olùṣẹ̀dá orin kọ padà. Olùkọ́ yóò béèrè bóyá olùṣẹ̀dá orin ṣì wà láyé, àti ibi tí a ti lè rí i.